Fèrèsé Mọ́ṣáláṣí Wa Kò Ti Mẹ́kà Wá

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tó jẹ́ kí n dàgbà tó báyìí, tó sì fi làákàyè mi sílẹ̀ fún mi. Mo dúpẹ́ fún bàbá tó bí mi àti ìyá tó tọ́ mi. Mo dúpẹ́ fún àwọn àfáà tó fi pàṣán kọ́ mi ní kéwú, àti fún ilé ẹ̀kọ́ àwọn mùsùlùmí tó sọ mí di olùkọ́. Bí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ bá tilẹ̀ korò, ọpẹ́ ló yẹ kó ṣáájú rẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé ojú ewé yìí, mo kí yín. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ àwọn tó ń kó ẹ̀dùn ọkàn wọn wá síbí. Mo máa ń mi orí, mo máa ń sọ pé, "Ẹni yìí ò bẹ̀rù Ọlọ́hun rárá." Ó ti kàn mí báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi tán kí ẹ tó mi orí.

Mo pa irọ́ kan nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́. Mo fi orúkọ Ọlọ́hun búra lé e lórí. Irọ́ náà dàgbà, ó bímọ, ó sì sọ mí di ẹni ńlá nínú mọ́ṣáláṣí wa. Ká ní tèmi nìkan ni, bóyá ǹ bá gbé e wọ inú sàréè. Ṣùgbọ́n ojú àbúrò mi obìnrin ń kú lọ nítorí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ̀rọ̀ lónìí.

Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo ṣì ń gbé. Mọ́ṣáláṣí kékeré kan wà nínú agboolé wa. Lára ògiri tí a ń kọjú sí kírun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí lemọ́mù ń dúró sí, fèrèsé kan wà tí kò ní pákó, tí kò sì ní díńgí. Irin funfun tó fúyẹ́ ni wọ́n fi ṣe é. Àwọn irin náà tẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n dábùú ara wọn lọ́tùn-ún lósì, wọ́n sì dá ihò onígun mẹ́rin sílẹ̀ láàárín, bí ìgbà tí èèyàn bá hun agbọ̀n. Tí oòrùn àárọ̀ bá gba ibẹ̀ wọlé, òjìji rẹ̀ a tẹ́ sórí ẹní wa bí àwọ̀n apẹja.

Fèrèsé Mẹ́kà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Aboyún máa ń wá fọwọ́ kàn án. Ẹni tó fẹ́ rìnrìn àjò máa ń wá. Àwọn oníṣòwò Òkè Àrin máa ń yà kí wọ́n tó ṣí ìsọ̀, wọn a fi ọwọ́ pa á, wọn a fi ọwọ́ náà pa ojú. Lemọ́mù máa ń sọ fún wọn pé Ọlọ́hun nìkan ló ń ṣe é, pé irin kì í ṣe nǹkan kan. Wọn a ní, "Lóòótọ́ ni, bàbá." Wọn a sì tún fọwọ́ kàn án bí wọ́n ṣe ń jáde.

Fèrèsé náà kò ti Mẹ́kà wá. Ara ọkọ̀ òfurufú ogun àwọn òyìnbó ni. Bọ́ḿbà ni. Wellington ni orúkọ rẹ̀. Bàbá mi a máa pè é ní Wẹ́líńtìn, bí ẹni ń pe ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Télọ̀ ni bàbá mi. Nígbà ogun àgbáyé kejì, kò tíì pẹ́ tó gba òmìnira iṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀. Àwọn òyìnbó ń wá ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ nínú aṣọ ríran sí pápá ọkọ̀ òfurufú ní Ìkẹjà. Ó kọ́kọ́ rò pé yúnífọ́ọ̀mù ni òun yóò máa rán. Ìgbà tó débẹ̀ ni wọ́n mú un lọ sábẹ́ ọkọ̀ kan tó gùn ju mọ́ṣáláṣí wa lọ, wọ́n ní, "Èyí ni oníbàárà rẹ."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe rò pé mo fẹ́ fi ìtàn bo ẹ̀ṣẹ̀ mi mọ́lẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ náà kò ní yé yín bí ẹ kò bá mọ irú nǹkan tí mo parọ́ mọ́.

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfurufú ló jẹ́ pé awọ irin ara wọn ló ń bá wọn gbé ẹrù. Wẹ́líńtìn kò rí bẹ́ẹ̀. Onímọ̀ ẹ̀rọ kan ní ìlú òyìnbó ló ronú pé kí wọ́n fi irin tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ hun ara rẹ̀ látòkèdélẹ̀, bí ìgèrè tí àwọn apẹja fi ń dẹ ẹja. Irin kan lọ sápá ọ̀tún, èkejì lọ sápá òsì, wọ́n di ara wọn mú níbi tí wọ́n ti pàdé. Bí ọta bá já ọ̀kan, àwọn tó yí i ká a gba ẹrù rẹ̀ gbé. Mo máa ń rántí sàfù, ìlà tí a máa ń tò sí kírun. Èjìká kan èjìká. Bí ara ẹnì kan kò bá yá tó sì jókòó, sàfù kì í wó.

Lórí irin híhun yìí ni wọ́n wá ń wọ aṣọ fún. Aṣọ ọ̀gbọ̀ gidi. Bàbá mi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a nà án, wọn a fi abẹ́rẹ́ àti òwú tí wọ́n ti fi ìda pa rán an mọ́ irin. Lẹ́yìn náà wọn a kun ọ̀dà kan tó ń rùn bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù. Tí ọ̀dà yẹn bá gbẹ, aṣọ a fà, a sì le títí èèyàn yóò fi rò pé irin ni. Títí bàbá mi fi kú, kò jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n mọ́. Ó ní èyí tí òun ti fa símú tó òun títí ayé.

"Egungun rẹ̀ ló ń gbé e," bàbá máa ń sọ. "Aṣọ lásán ni mo wọ̀ fún un."

Nígbà tí mo di olùkọ́, mo wá ìwé kà nípa ọkọ̀ yìí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ogun títí ogun fi parí ni wọ́n ń kàn án, ó sì pọ̀ ju gbogbo bọ́ḿbà yòókù tí àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì kàn lọ. Níbẹ̀rẹ̀, ọ̀sán gangan ni wọ́n rán an jáde, ọ̀tá pa púpọ̀ nínú wọn. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n sọ ọ́ di ọkọ̀ òru. Wọ́n tún so òrùka ńlá kan tó ní agbára òòfà mọ́ ara àwọn kan nínú wọn, wọ́n á fò lórí omi kí àdó olóró tó wà nísàlẹ̀ omi lè bú kí ọkọ̀ ojú omi tó kàn án. Mo kà nípa òṣìṣẹ́ ọkọ̀ náà kan tó jáde sórí apá rẹ̀ nínú sánmọ̀ nígbà tí iná ń jó. Ó fi ẹsẹ̀ ya aṣọ ara ọkọ̀, ó sì ń fi ihò irin híhun yẹn ṣe àtẹ̀gùn títí ó fi dé ibi iná. Ọjọ́ tí mo ka ìyẹn, mo pa ìwé dé, mo sunkún. Irú ihò yẹn gan-an ni oòrùn ń gbà wọ mọ́ṣáláṣí wa.

N kò ní tàn yín. Ohun ìjà ni. Ó ju iná sórí ìlú, ó sì pa àwọn èèyàn tí kò mọ ohun tó fa ogun. Bàbá mi mọ̀, ó sì máa ń tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọlọ́hun. Ṣùgbọ́n àwọn Wẹ́líńtìn tó ń balẹ̀ ní Ìkẹjà, òkun ni wọ́n ń ṣọ́. Ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn ọ̀tá ń ri àwọn ọkọ̀ tó ń kó iyọ̀ àti kẹrosíìnì bọ̀ wá sí Èkó. Wẹ́líńtìn a fò jáde ní àárọ̀, a máa wo omi títí ọ̀sán yóò fi pọ́n.

Lọ́jọ́ kan, ìjì mú ọ̀kan nínú wọn lójú òkun, ó sì bó aṣọ ẹ̀yìn rẹ̀ dànù láti ìrù dé àárín. Bàbá ní nígbà tó ń balẹ̀, egungun rẹ̀ hàn síta bí ẹja tí ológbò jẹ kù. Gbogbo wọn sáré lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó tó wà á fò sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ti gbọ́ Pidgin díẹ̀.

"Tailor!" ó kígbe. "My trouser don tear again!"

Bàbá mi wo ọkọ̀, ó wo òun náà. "Oga," ó ní, "na sky you go abi na fence you climb?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé abẹ́rẹ́. Irin kan ti ṣẹ́ níbẹ̀, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ irin kò sì tó. Wọ́n kọ́ bàbá mi bí wọ́n ṣe ń fi ìdè irin lẹ̀ ẹ́, ó sì lẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ náà tún fò padà lọ sórí òkun.

Nígbà tí ogun parí, wọ́n gé ọkọ̀ náà wẹ́wẹ́. Ọ̀gá òyìnbó ní kí olúkúlùkù mú ohun tó bá wù ú. Àwọn kan mú táyà, àwọn kan mú àga. Bàbá mi ní kí wọ́n gé ibi tí òun ti ṣiṣẹ́ fún òun. Ó fi ẹní wé e, ó gbé e wálé, ó sì tọ́jú rẹ̀ sẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọdún. Èmi nìkan ló máa ń tú u fún, nígbà tí èmi àti ẹ̀ bá jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ.

Lẹ́yìn náà Ọlọ́hun pè é sí Mẹ́kà. Nígbà tó padà dé, ó rí i pé ikán ti jẹ fèrèsé mọ́ṣáláṣí tán. Ó gbé irin náà jáde, ó wọ̀n ọ́n, ó gé e, ó sì kàn án mọ́ ibẹ̀. Àwọn èèyàn bèèrè pé kí ni. Ó ní, "Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni. Mo fún Ọlọ́hun." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Oníwọ̀n ọ̀rọ̀ ni. Kí ààwẹ̀ tó dé, ó ti jáde láyé.

Ọjọ́ kẹjọ rẹ̀ ni mo ṣẹ̀.

A ti ṣe àdúà tán, a ṣì jókòó nínú mọ́ṣáláṣí. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa, Alhaji Àgbà, tó jẹ́ olórí ẹbí nígbà náà, gbójú sókè wo fèrèsé.

"Ẹ jẹ́ ká yọ irin yìí," ó ní. "Káfíńtà wò ó, ó ní irin bàálù ni. Bàálù tó ń ju àdó olóró! Ṣé ibi tí a ó máa kọjú sí kírun nìyẹn?"

Ẹnì kan láti ẹ̀yìn dá a lóhùn pé, "Télọ̀ òyìnbó kúkú ni. Ó lọ Mẹ́kà tán, ẹrù òyìnbó náà ló tún rù wálé."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ kẹjọ bàbá mi. Orí ẹní tí wọ́n jókòó lé ni ó ti máa ń kírun.

Ká ní mo sọ òótọ́ nígbà náà, kí ni ì bá ṣẹlẹ̀? Ó ṣeé ṣe kí wọ́n yọ ọ́. Ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n gbọ́ ìtàn ọkùnrin tó ń rán ara ọkọ̀ kí àwọn ẹlòmíràn má bàa kú sómi. Mo mọ gbogbo ìtàn náà. Mo lè sọ ọ́. Ojú iṣẹ́ bàbá mi ló ń tì mí. Ẹ jọ̀ọ́, ibẹ̀ ni ọgbẹ́ náà wà, ẹ má ṣe fi ìka gún un. Ojú ń tì mí pé télọ̀ ni.

Mo ní, "Láti Mẹ́kà ni bàbá mi ti gbé e bọ̀. Èmi ni mo bá a tú ẹrù."

Alhaji Àgbà yíjú sí mi. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ó dá ọ lójú?"

Mo ní, "Wọ̀láhì."

Alhaji Àgbà tó ní ká yọ irin náà dìde nílẹ̀. Ó rìn lọ síbi fèrèsé, ó fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì kàn án, ó sì fi pa ojú. "Èmi ti rí i láti ìbẹ̀rẹ̀," ó ní, "pé ìmọ́lẹ̀ kan wà lára rẹ̀."

Gbogbo wọn tò sẹ́yìn rẹ̀ láti fọwọ́ kàn án, títí kan ẹni tó sọ̀rọ̀ ẹrù òyìnbó.

Mo rò pé yóò parí lọ́jọ́ yẹn. Kò parí. Mo ń dàgbà, irọ́ náà ń dàgbà. Nígbà tí wọ́n fi mí jẹ Bàbá Àdínì, àfáà tó ń wàásù ní, "Ọmọ ẹni tó gbé Mẹ́kà wá sí Ìsàlẹ̀ Èkó!" Mo gbé ọwọ́ sókè dá wọn lóhùn. Ẹ jọ̀ọ́, mo gbé ọwọ́ sókè.

Nígbà kan tí mo rìnrìn àjò, mo bi àfáà àgbà kan pé bí ẹnì kan bá fi orúkọ Ọlọ́hun búra èké ńkọ́. Mo ní ọ̀rẹ́ mi kan ló ní kí n bá òun bèèrè. Ó wò mí títí. Ó ní kí ọ̀rẹ́ mi ronú pìwà dà, kó gba ààwẹ̀ ìtánràn, kó sì tún ohun tí irọ́ náà bà jẹ́ ṣe. Nígbà tí mo ń jáde, ó ní, "Ẹ bá mi kí ọ̀rẹ́ yín o." Mo gba ààwẹ̀ náà. Àtúnṣe ni n kò ṣe.

Ọ̀rọ̀ wá kan àbúrò mi, Sikírátù.

Ọ̀dọ̀ ìyá ìyá wa ní Ẹ̀pẹ́ ni Sikírátù ti dàgbà. Ìgbà tí bàbá kú tán ló tó wá máa gbé Èkó. Kò mọ bàbá dáadáa. Fèrèsé yẹn ni bàbá tó mọ̀. Aṣọ ló ń tà ní Jankara, ó sì mọ aṣọ débi pé bí o bá na án sí i lẹ́yìn, ìka rẹ̀ yóò sọ ibi tí wọ́n ti hun ún.

Láti ìgbà díẹ̀ sẹ́yìn, nǹkan funfun kan bẹ̀rẹ̀ sí í bo ẹyin ojú rẹ̀. Ojú ọ̀tún ló kọ́kọ́ lọ. Mo mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Wọ́n ní iṣẹ́ abẹ tí kò le ni, pé bí ó bá tètè wá, yóò ríran, ṣùgbọ́n bí ó bá fi falẹ̀, àwọn kò lè ṣèlérí. Sikírátù dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn dáadáa. Kò padà síbẹ̀ mọ́.

Omi ló ń dà sára fèrèsé ní àràárọ̀. A gbe omi náà sínú ife, a fi ń fọ ojú.

"Sikírá, omi ìdọ̀tí nìyẹn," mo ní fún un.

"Bùọ̀dá, ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí bàbá rẹ̀ gbé Mẹ́kà wálé, ṣé ọ̀bẹ dókítà ló tún yẹ kó máa sá tọ̀?"

Irọ́ mi ló ń dá mi lóhùn lẹ́nu àbúrò mi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo yà sí ìsọ̀ rẹ̀ ní Jankara bí mo ṣe ń ti Tinúbú bọ̀. Ọ̀dọ́bìnrin kan wá ra aṣọ. Sikírátù ti ká a fún un tán nígbà tí ọmọ náà rọra sọ pé, "Màmá, ẹ má bínú, aláwọ̀ ewé ni mo ní, búlúù lẹ fún mi."

Sikírátù rẹ́rìn-ín. "Ojú ọjọ́ ló ṣú, ọmọ mi."

Oòrùn ń ràn bí iná. Ọmọ náà wojú mi, mo wo ilẹ̀.

Ọjọ́ yẹn náà, lẹ́yìn ìrun àsárì, mo bá a nínú mọ́ṣáláṣí nígbà tí gbogbo èèyàn ti lọ. Ó ń fi aṣọ nu fèrèsé. Mo jókòó tì í, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

Ó kàn rẹ́rìn-ín ni. "Bùọ̀dá, ẹ ò mọ irọ́ pa rárá. Nítorí kí n lè lọ sábẹ́ ọ̀bẹ ni ẹ fi wá ń ba bàbá jẹ́?"

Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Nígbà tí mo parọ́, gbogbo àdúgbò gbà mí gbọ́. Nígbà tí mo sọ òótọ́, ọmọ ìyá mi ní n kò mọ irọ́ pa.

Mo di ìka rẹ̀ mú. Mo gbé e lé ibi tí wọ́n ti lu nọ́ńbà àti lẹ́tà òyìnbó sára irin náà. "Ṣé Lárúbáwá lèyí?" Mo wá gbé ìka rẹ̀ lọ síbi tí irin ti ṣẹ́. Àwọn ìdè tí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe ní ìlú òyìnbó tò gbọọrọ. Èyí tí bàbá fi ọwọ́ ara rẹ̀ lẹ̀ wọ́ díẹ̀. "Bàbá ló ṣe èyí," mo ní. "Ó máa ń fi ara rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀. Ó ní ẹni tó mọ abẹ́rẹ́ ni òun, òun kò mọ òòlù."

Ìka rẹ̀ kò kúrò níbẹ̀. Ó ń lọ, ó ń bọ̀. Bí ó ṣe máa ń wo aṣọ ní ìsọ̀ rẹ̀ ni ó ń wo irin náà.

"Ẹ sọ ti ṣòkòtò yẹn fún mi lẹ́ẹ̀kan sí i."

Mo tún un sọ. Nígbà tí mo dé ibi tí bàbá ti bi òyìnbó bóyá ògiri ló gùn tàbí sánmọ̀ ló lọ, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀ méjèèjì. Ó nu ojú rẹ̀.

"Bùọ̀dá," ó ní, "gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo rò pé ńṣe ni bàbá mi ra nǹkan bọ̀ láti Mẹ́kà. Ta ni kì í ra nǹkan bọ̀ láti Mẹ́kà? Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nìyí. Ẹ gbà á lọ́wọ́ òkú, ẹ gbé e fún àwọn tó ń tajà lọ́hùn-ún."

Láti ìgbà tí mo ti ń tọrọ àforíjì, Ọlọ́hun ni mo rò pé mo ṣẹ̀. N kò rò ó rí pé mo ja bàbá mi lólè.

Mo ní, "Dókítà ńkọ́, Sikírá?"

"N ó lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ lọ."

"Níbo?"

"Iwájú sàfù. Lọ́jọ́ Jímọ̀, tí gbogbo wọn bá pé. Ẹ dá iṣẹ́ bàbá mi padà fún un lójú gbogbo wọn. Ọjọ́ tí ẹ bá sọ ọ́ ni kí ẹ mú mi lọ."

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní ojú kì í dúró de èèyàn.

Ó ń ká aṣọ tó fi nu fèrèsé. "Ẹ yáa tètè ṣe é nígbà náà."

Báyìí ni ọ̀rọ̀ ṣe rí o. Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni mo dá fún ara mi. Ẹ̀rù ń bà mí. Orúkọ Bàbá Àdínì lè bọ́ lórí mi, ó sì tọ́ kó bọ́. Àwọn tí wọ́n fọwọ́ kan fèrèsé náà tí Ọlọ́hun sì gbọ́ àdúà wọn yóò bínú sí mi. Mo fẹ́ sọ fún wọn pé Ọlọ́hun tó gbọ́ wọn kò tíì lọ síbì kankan, irin nìkan ni mo parọ́ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wá síbẹ̀ rí, tẹ́ ẹ bá ń ka èyí, ẹ dárí jì mí.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n kọ́kọ́ tọ lemọ́mù lọ ní ìkọ̀kọ̀, àbí ìkọ̀kọ̀ yẹn ni yóò tún sọ mí di ojo? Bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ yọ fèrèsé náà, ṣé mo lẹ́nu láti bẹ̀ wọ́n? N kò fẹ́ kí wọ́n máa bọ ọ́. Mo kàn fẹ́ kí ọmọ agboolé wa tó bá jókòó síbẹ̀ bèèrè pé kí nìyí, kí àgbàlagbà kan sì dá a lóhùn láìtijú pé: bọ́ḿbà Wẹ́líńtìn ni, wọ́n hun ún bí agbọ̀n, ó gba ọta kò wó, ó gba ìjì ó padà délé, télọ̀ kan láti ilé wa sì ni ó rán an.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mi dé ibí, kí Ọlọ́hun má pa iná ojú yín. Kí Ó bùkún iṣẹ́ ọwọ́ yín, kí Ó sì fún yín lọ́mọ tí yóò lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ láàárín èèyàn pé ẹ̀yin lẹ ṣe é. Àmín.